Mo Fi Ọlọ́run Dí Ibi Tó Yẹ Kí N Kọ Ọjọ́ Sí

Oṣù kẹsàn-án ọdún 2018 ni. Ilé iṣẹ́ àjẹ́ńtì tó ń bá ènìyàn gba ẹrù ní èbúté ni mo wà nígbà náà, ní Àpápá, nínú yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí títì tí àwọn tírélà tò sí láti òru mọ́jú. Íméèlì niṣẹ́ tèmi. Àwọn ọkùnrin á sáré lọ sí tẹ́mínà, wọ́n á bá aṣọ́bodè fà á títí ilẹ̀ á fi ṣú, èmi ni màá jókòó ti kọ̀ǹpútà, tí màá sọ fún oníbàárà ibi tí ọ̀rọ̀ dé.

Kọ̀ǹténà kan wà nílẹ̀ tó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ kan ní Bavaria, ní gúúsù Jámánì. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yan búrẹ́dì ló wà nínú rẹ̀, Ìbàdàn ló ń lọ. Àdéhùn àwọn ará ibẹ̀ pẹ̀lú ẹni tó rà á ni pé àwọn ni yóò gbé e dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, nítorí náà gbogbo ọjọ́ tí kọ̀ǹténà bá jókòó sí èbúté, ọrùn wọn ni owó demurrage, ìyẹn owó ìdádúró kọ̀ǹténà, ń gùn. Ọkùnrin tó ń kọ̀wé sí wa láti ibẹ̀, "Grüß Gott" ló máa fi ń bẹ̀rẹ̀ íméèlì rẹ̀. Mo wá ìtumọ̀ rẹ̀ lórí Google, ó ní ó dà bíi kéèyàn sọ pé kí Ọlọ́run kí ọ. Ara mi yá gágá. Mo ní háà, ọmọ Ọlọ́run lèyí.

Bí mo ṣe tú ara sílẹ̀ fún un nìyẹn. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ọ́, àmọ́ bí ẹ bá bó èèpo rẹ̀, Yorùbá ló wà nínú: Ẹ káàárọ̀ sà, mo nígbàgbọ́ pé Ọlọ́run bá yín ṣé e lópin ọ̀sẹ̀. Ní ti kọ̀ǹténà yín, iṣẹ́ ń lọ lórí rẹ̀, nípa oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run a ó gbé e jáde láìpẹ́. Olúwa yóò ṣe é ní ìrọ̀rùn. Ọlọ́run á bù kún yín.

Èsì dé kí n tó mu tíì mi tán. "Ẹ ṣé. Ọjọ́ wo?"

Mo dá a lóhùn pé nínú ọ̀sẹ̀ yìí ni, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Ó ní, "Ọjọ́ wo nínú ọ̀sẹ̀ yìí?" Mo ní à ń wojú Ọlọ́run fún Ọjọ́bọ̀ tàbí Ẹtì. Ó tún kọ̀wé padà pé, "Ta ló yẹ kó fọwọ́ sí i kí Ọjọ́bọ̀ tó dé?" Lọ́tẹ̀ yìí, ó ti fi orúkọ ọ̀gá mi sí i.

Alàájì ni gbogbo wa ń pe ọ̀gá wa. Lẹ́yìn ìrun Àláásárì ló ránṣẹ́ pè mí. Ó ti tẹ gbogbo íméèlì náà sórí pépà, ó sì fi báírò pupa fa ilà sábẹ́ ibi gbogbo tí mo ti dárúkọ Ọlọ́run. Ó kà wọ́n sí mi létí, ó di mẹ́fà. Ó wá ní kí èmi náà ka iye ibi tí mo ti sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí kọ̀ǹténà.

Mo wo pépà, mo wo ilẹ̀.

"Ọmọ mi," ó ní, "ìgbà wo la gba Ọlọ́run síṣẹ́ níbí?"

"Ẹ má bínú, sà."

"Mi ò bínú, mò ń béèrè ni. Ẹni tó bá ka ìwé yìí á rò pé Ọlọ́run la fún ní fáìlì tó gbé e lọ sí tẹ́mínà. Aṣọ́bodè ló mú fáìlì dání. Kí ló dé tí o ò sọ fún un pé aṣọ́bodè ló mú fáìlì dání?"

Òótọ́ ni, mo mọ̀. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo ti mọ̀. Aṣọ́bodè kan ti ní ẹ̀rọ náà kò sí lábẹ́ HS code (nọ́ńbà tí aṣọ́bodè fi ń mọ irú ẹrù àti owó orí rẹ̀) tí a kọ sílẹ̀, pé abẹ́ òmíràn tí owó orí rẹ̀ ga jù bẹ́ẹ̀ lọ ló wà. Fáìlì ti kúrò lórí tábìlì ibi tó wà, ó ti lọ sí òmíràn, kò sì sẹ́ni tó lè sọ fún wa ìgbà tí yóò kúrò níbẹ̀. Ìròyìn náà nìyẹn látòkèdélẹ̀. Ìlà méjì ni ì bá gbà. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe fẹ́ tẹ̀ ẹ́, àyà mi ń já. Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, èèyàn kì í la ọ̀rọ̀ burúkú mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìfi àdúrà ṣe ìrọ̀rí fún un, ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ dà bí ẹni tó ń fẹnu ara rẹ̀ pe ibi. Mo wá to ìrọ̀rí títí, mi ò gbé ọ̀rọ̀ náà lé e.

Mo gbìyànjú láti gbèjà ara mi. Mo ní Alàájì, ṣé ẹ̀yin náà kì í wí "Ìnṣá Àlláàhù" ni?

Ó rẹ́rìn-ín. "Àṣẹ ni, ó wà nínú Kùránì, Súrà Káfì. Ṣé o mọ bó ṣe kà? Ó ní o kò gbọdọ̀ sọ nípa ohunkóhun pé 'èmi yóò ṣe é lọ́la', àfi kí o fi ti pé bí Ọlọ́run bá fẹ́ kún un. Lọ́la! Ṣé o gbọ́? Lọ́la ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó fi Ọlọ́run kún un. Ìwọ fi Ọlọ́run sílẹ̀ níbẹ̀, o wá yọ lọ́la kúrò."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Nígbà tí mo délé lálẹ́, mo ṣí Bíbélì tèmi, mo wá ibi tó bá a mu nínú ìwé Jákọ́bù, orí 4, láti ẹsẹ 13. Àwọn oníṣòwò gan-an ló ń bá wí níbẹ̀. Wọ́n ń sọ pé lónìí tàbí lọ́la àwọn ó lọ sí ìlú báyìí, àwọn ó lo ọdún kan, àwọn ó tà, àwọn ó rà, àwọn ó jèrè. Jákọ́bù ní kí wọ́n máa sọ pé bí Olúwa bá fẹ́. Láti kékeré ni wọ́n ti ń fi ẹsẹ yẹn wàásù fún wa, kò sí ọjọ́ tí mo rí i pé àwọn èèyàn náà ti sọ ìlú, wọ́n ti sọ ọjọ́, wọ́n ti sọ iye àkókò tí wọ́n máa lò kí ẹnikẹ́ni tó bá wọn wí. Jákọ́bù kò ní kí wọ́n pa ètò wọn rẹ́.

Ní ọjọ́ kejì, Alàájì jókòó tì mí, a jọ kọ íméèlì mìíràn. A sọ pé aṣọ́bodè kò gba HS code wa, pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n dá fáìlì dúró. A sọ pé aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọ̀la ni a ó mú èsì wa lọ pẹ̀lú ìwé tí ilé iṣẹ́ wọn fi ṣàlàyé ẹ̀rọ náà. Bí wọ́n bá gbà á, Ọjọ́rú tó ń bọ̀ ni kọ̀ǹténà yóò kúrò ní èbúté. Bí wọn kò bá gbà á, iye tí a ó san kún un nìyí. A sọ pé aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lójoojúmọ́ ni wọn yóò máa gbọ́ láti ọ̀dọ̀ wa, bí nǹkan kan ṣẹlẹ̀, bí nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Alàájì ní kí n fi "God willing" sí ẹ̀yìn Ọjọ́rú. Mo wò ó lójú. Ó ní, "Fi sí i. Ibẹ̀ gan-an ló ń gbé."

Èsì tí ọkùnrin náà kọ lọ́jọ́ yẹn ló gùn jù nínú gbogbo ìwé rẹ̀. Ó béèrè ìbéèrè mẹ́ta, ó fi ìwé ẹ̀rọ náà ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé "Gott sei Dank", ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Nígbà tí a bára wa sọ̀rọ̀ lórí fóònù lẹ́yìn oṣù mélòó kan ló wá là mí lóye pé ní ìlú àwọn, gbogbo ayé ló ń kí ara wọn ní "Grüß Gott", nínú ṣọ́ọ̀bù, nínú ọ́fíìsì, àti ẹni tí kò fẹsẹ̀ kan ṣọ́ọ̀ṣì rí. Mo ti sọ ọ́ di pásítọ̀ láìjẹ́ pé ó mọ̀.

Kí n má ba ara mi jẹ́ jù, irọ́ kọ́ ni gbogbo "bí Ọlọ́run bá fẹ́" tí à ń kọ ní Àpápá nígbà yẹn. Ẹni tó bá mọ títì yẹn ní 2018 àti 2019 mọ ohun tí mò ń sọ. Tírélà lè tò láti èbúté dé Íjọ́rà, kí dírẹ́bà máa gbé abẹ́ ọkọ̀ sùn fún ọ̀sẹ̀ méjì kó tó wọlé. Aṣọ́bodè lè ṣe tán, tẹ́mínà lè gba owó tán, ọkọ̀ tí yóò gbé ẹrù kò sì ní rí ọ̀nà dé ìdí rẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2021 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ èyí tí wọ́n ń fi íńtánẹ́ẹ̀tì pe ọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì sọ ọ́ ní Ètò. (Orúkọ náà pa wá lẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ètò dé Àpápá.) Kó tó di ìgbà yẹn, ẹni tó bá kọ ọjọ́ tí ọkọ̀ máa wọlé láìfi Ọlọ́run kún un, òun gan-an ló ń purọ́. Ti fáìlì tó wà lórí tábìlì aṣọ́bodè kọ́ nìyẹn o. Fáìlì ní ibi tó wà, ó ní ẹni tó mú un dání, mo sì mọ méjèèjì.

Ní 2019 ni ilé iṣẹ́ rán àwa mẹ́ta lọ sí kíláàsì ọlọ́jọ́ mẹ́ta lórí ìwé ẹrù. Olùkọ́ wa gbé àwòrán bíìlì àtijọ́ kan sára ògiri, irú bill of lading, ìwé tí ọlọ́kọ̀ fi ń jẹ́rìí pé òun ti gba ẹrù, tí àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ń lò ní ọgọ́rùn-ún ọdún méjì-mẹ́ta sẹ́yìn. Mo ka ìlà àkọ́kọ́, mo fẹ́ bú sẹ́rìn-ín: "Shipped by the Grace of God, in good order and well conditioned." Oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run tèmi ló wà lórí bíìlì yẹn! Bí wọ́n ṣe kọ ipò ọ̀gá ọkọ̀ ni pé òun ni olórí ọkọ̀ lábẹ́ Ọlọ́run. Nísàlẹ̀, wọ́n gbàdúrà pé kí Ọlọ́run mú ọkọ̀ rere náà dé èbúté tó ń lọ ní àlàáfíà, wọ́n sì fi Àmín tì í. Títẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ o, kì í ṣe pé akọ̀wé kan ń ṣe àfikún tara rẹ̀.

Àmọ́ ohun tó wà láàárín oore-ọ̀fẹ́ àti Àmín ni mo tẹjú mọ́. Orúkọ ọkọ̀ wà níbẹ̀, orúkọ ọ̀gá ọkọ̀, èbúté tó wà, èbúté tó ń lọ, iye àgbá, àmì àti nọ́ńbà ẹrù ní etí ìwé, iye owó ọkọ̀, àti pé ìwé mẹ́ta ni wọ́n fọwọ́ sí, tí ọ̀kan bá ti ṣiṣẹ́ tán, méjì yòókù di asán. Mẹ́ta náà ló ṣì wọ́pọ̀ láti gbà lónìí. Àwọn baba ńlá iṣẹ́ yìí gbàdúrà kọjá tèmi, ṣùgbọ́n wọn kò fi àlàfo kankan sílẹ̀.

Olùkọ́ náà kò dúró síbẹ̀. Ó gbé òmíràn sókè. Oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run kan náà wà lókè rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà, Àmín kan náà. Ẹrù tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni ènìyàn, tí wọ́n kó láti etíkun ilẹ̀ Áfíríkà, iye obìnrin lọ́tọ̀. Kíláàsì dákẹ́ rọ́rọ́. Olùkọ́ kò sọ nǹkan kan lé e, ó kàn ṣí ojú ewé tó kàn. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá rí orúkọ Ọlọ́run lókè ìwé òwò, ojú mi máa ń sáré lọ wo ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Bí mo ṣe di alásọdùn sí apá kejì nìyẹn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbá gbogbo rẹ̀ dànù. "God bless" tó wà lábẹ́ orúkọ mi kúrò. "Trusting you are well by His grace" kúrò. Ìwé mi gbẹ bí orógbó. Inú mi dùn sí i, mo rò pé mo ti di akọ̀wé gidi.

Oníbàárà wa kan wà ní Ìbàdàn, tọkọtaya ni wọ́n, wọ́n ń kó aṣọ àti òwú ìránṣọ wọlé. Orúkọ ọkọ ló wà lórí gbogbo ìwé. Ní 2020, ọkọ kú. Ìyá náà fi àtẹ̀ránṣẹ́ sọ fún wa, mo sì fèsì. Mo kọ ọ́ pé a ti rí ìròyìn ikú ọkọ yín gbà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi orúkọ ẹni tí yóò máa fọwọ́ sí ìwé ránṣẹ́, pẹ̀lú ìwé àṣẹ láti kóòtù. Ọjọ́ wà nínú rẹ̀, ohun tó kù láti ṣe wà nínú rẹ̀, kò sí àlàfo kan.

Ó pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ kejì. Ohùn rẹ̀ rọra jáde. "Ọmọ mi, ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?"

"Rárá o, mà. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Mo ka ìwé yín ni. Mo rò pé báńkì ló kọ ọ́."

Ojú tì mí. Mo dìde lórí àga, bí ẹni pé ó wà níwájú mi. Mo ní ẹ dákun mà, ẹ má bínú, ẹ kú ará fẹ́ra kù, Ọlọ́run á tù yín nínú, Ọlọ́run á dá àwọn ọmọ sí, ẹ̀yìn bàbá á dára. Ó ń ṣe "àmín, àmín" lábẹ́lẹ̀, ẹkún sì gbà á lẹ́nu. Nígbà tó ṣe, ó nu imú, ó ní ọmọ òun àgbà ni yóò máa fọwọ́ sí i, ó pe orúkọ rẹ̀ fún mi létà kọ̀ọ̀kan, ó ní lọ́yà ti wọ kóòtù fún ìwé àṣẹ náà. Gbogbo ohun tí mo fi ìwé gbígbẹ béèrè, inú fóònù yẹn ló ti yanjú. Bí mo ṣe gbé fóònù sílẹ̀ ni mo rántí Alàájì pẹ̀lú báírò pupa rẹ̀. Kò ní kí n yọ Ọlọ́run kúrò, èmi ni mo gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá sì ní òun kò fẹ́ dárúkọ Ọlọ́run rárá, Yorùbá kò fi í sílẹ̀ lófìfo. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìfaradà, ẹ kú ewu ọ̀nà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta: nínú gbogbo wọn, a kò pe ẹnì kankan lókè. "Adúpẹ́" gan-an kò sọ ẹni tí à ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n sọ pé kò ní ẹ̀sìn nínú, "goodbye" wọn, "God be with you" ni wọ́n ń pè é kó tó súnkì.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn tèmi àti ẹ̀sìn tìrẹ tún wà níbẹ̀, kò sì pẹ́ kó tó dé bá wa. Ẹlẹgbẹ́ wa kan, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, "Calvary greetings" ló fi ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo ìwé, ẹsẹ Bíbélì sì wà lábẹ́ orúkọ rẹ̀. Ó fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí oníbàárà kan ní Kánò, láti béèrè owó. Bàbá yẹn fi sálámà dá a lóhùn, kíkún rẹ́rẹ́, pẹ̀lú àdúrà lédè Lárúbáwá tó gba ìdajì ojú ewé, kò sì sọ̀rọ̀ owó. Alàájì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló là á sílẹ̀ fún wa: láàárín ara wa, ẹ kí ara yín bó ṣe wù yín, àmọ́ ìwé tó bá ń jáde kò gbọdọ̀ sọ ilé ìjọsìn tí ẹni tó kọ ọ́ ń lọ. Bí ẹ bá ń kọ Yorùbá, "Ọlọ́run" tó. Mùsùlùmí ń lò ó, onígbàgbọ́ ń lò ó, oníbàárà wa kan tó jẹ́ oníṣẹ̀ṣe sì máa ń kọ "Olódùmarè", kò sẹ́ni tó bínú sí i.

Mo wá kà á lẹ́yìn náà pé irú òfin bẹ́ẹ̀ ti dé kóòtù ní Amẹ́ríkà. Obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Indianapolis máa ń fi "Have a blessed day" parí ìwé rẹ̀, títí tí oníbàárà ńlá kan fi ní àwọn kò fẹ́ ẹ mọ́. Ilé iṣẹ́ ní ó lè máa sọ ọ́ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kó má sọ ọ́ fún oníbàárà. Ó pè wọ́n lẹ́jọ́ lábẹ́ òfin 1964 tó ní agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fàyè gba ẹ̀sìn òṣìṣẹ́. Ní 2001, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn tó wà ní Chicago ní àyè tí wọ́n fún un ti tó. Mo fi han Alàájì. Ó ní, "Ṣé o rí i? Wọn ì bá ti bi mí."

Èmi náà ti ní ọmọ ìkọ́ṣẹ́ lábẹ́ báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan mú ìwé kan wá kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò kó tó fi í ránṣẹ́. Ó kọ ọ́ pé nípa oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run, ẹrù yóò jáde láìpẹ́. Mo mú báírò, mo yí i po.

"Áńtí, ṣé kí n yọ Ọlọ́run kúrò ni?"

"Rárá. 'Láìpẹ́' ni kí o yọ."

Ó dúró, ó ń họ orí. Ó ní òun kò mọ ọjọ́ náà. Mo ní ta ló mọ̀ ọ́n? Ó ní ọ̀gá tó wà ní tẹ́mínà. Mo na fóònù sí i. Ó pè é níwájú mi, ó fi í sí ohùn gbangba. Ọkùnrin yẹn bi í ní nọ́ńbà kọ̀ǹténà, a gbọ́ tó ń tẹ nǹkan, ó sì pẹ́ díẹ̀.

"Ọjọ́rú," ó ní. "Ọjọ́rú, aago méjì ọ̀sán. Bí Ọlọ́run bá fẹ́."

Ọmọ náà wo ojú mi bóyá kí òun kọ gbogbo rẹ̀. Mo ní kó kọ gbogbo rẹ̀.